Oyè Ọ̀mọ̀wé Láti Ẹ̀gbẹ́ Àlàbá

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí sáyẹ́ǹsì ìṣègùn, tó sì ń gbé láàárín Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò, kò jìnnà rárá sí iṣẹ́ tó lè gbé e dé ibikíbi láyé. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀gbẹ́ títì Àgbádárìgì yìí, tí mo sì ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí bí àwọn irin olóró ṣe ń ti inú ilẹ̀ àti omi wọ inú ara ènìyàn. Àwọn tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ṣe PhD lókè òkun wà, àwọn tó ṣe é nílé wà, àwọn tó fi ẹsẹ̀ kan sílé, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kejì sí òkèèrè náà wà. Ohun kan náà ni mo rí lára gbogbo àwọn tó ṣe é yọrí: wọ́n ti ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mí nísinsìnyí, ibòmíràn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, orílẹ̀-èdè wo ló ń fúnni lówó PhD lọ́dún yìí?" Fóònù wọn á kún fún ìkéde ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn, láti Kánádà dé Norway. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ wádìí, wọ́n á ní ohunkóhun tí ẹni tó fẹ́ sanwó bá ti fẹ́. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ń pín yàrá kan gbé ní Ìyànà-Sùkúù, tí owó iṣẹ́ olùkọ́ tó ń gbà kò ju owó ọkọ̀ lọ, ó yẹ kó máa wá ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tí ímeèlì ń rọ́ dé bá láti gbogbo àgbáyé kò ní dá ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe lóhùn. Ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń wá, ẹni tí ojú rẹ̀ ti tó ibi tí ojú òun kò tó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. N kò mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ tó ibi iṣẹ́ ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Àlàbá, nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Kò sí ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì tàbí ẹ̀rọ orin l'Ékòó tí kò mọ ọjà yẹn. Láti ibẹ̀ ni ẹrù ti ń lọ sí Kútọnu àti Lómé. Ẹ̀yìn ọjà ni iṣẹ́ tèmi wà, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tí kò ṣeé tún ṣe mọ́ ń dópin sí. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Basel Action Network, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bíi 500 kọ̀ǹténà ló ń gúnlẹ̀ lóṣooṣù, àti pé àwọn tó ń ṣòwò náà fúnra wọn ló sọ pé ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà. Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. Láti 1988 ni ojú wa ti là, nígbà tí àṣírí kẹ́míkà olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Kókó, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, tú síta. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àyíká. NESREA, tó wà ní ipò FEPA lónìí, gbé ìlànà jáde lórí àwọn ohun èlò oníná ní 2011. Ìlànà wà nínú ìwé, èéfín wáyà tí wọ́n ń jó kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ yọ sì ń lọ sókè.

Òjé nìkan tó láti fi ṣàlàyé. Ó wà nínú dígí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, èyí tí ìdí rẹ̀ ń yọ sẹ́yìn. Ó wà nínú léèdì tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù. Ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ àti ti ìnfátà. Tó bá wọ ara ọmọdé, ipò tó yẹ kí kálísíọ́ọ̀mù wà ló máa ń gbà, á wọ eegun, á wọ ọpọlọ, ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé tí iye wọn tó irinwó ni òjé pa láàárín oṣù díẹ̀, nítorí pé inú agbolé ni wọ́n ti ń lọ òkúta tí wọ́n ń wá wúrà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ tí wọ́n bí sí Ìba, bàbá rẹ̀ ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá kí wọ́n tó bí i. Ìbéèrè tó gbé wá fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: ṣé eruku tó ń bá aṣọ iṣẹ́ bàbá òun wálé ti wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn àbúrò òun? Àwọn onímọ̀ ti wádìí irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ bátìrì nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ń sun inú ṣọ́ọ̀bù mọ́jú, pé inú báàfù kan náà ni aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ilé-ìwé ti ń pàdé, pé orí tábìlì tí wọ́n ti ń jó léèdì náà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lé, ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ rí. Ó kọ àbá ìwádìí rẹ̀ sí ojú ewé méjì. Kò tíì ní iṣẹ́ kankan nínú jọ́nà nígbà náà, èsì másítà rẹ̀ dára ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbégbá orókè nínú kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ̀wé sí lókè òkun dá a lóhùn, ó ní kó túbọ̀ ṣàlàyé bí yóò ṣe yan àwọn ilé tí yóò wọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ ara.

Òkìtì àlòkù Àlàbá kan náà ni onímọ̀ ẹ̀rọ yóò wò, ohun mìíràn ni yóò sì rí níbẹ̀. Irú ẹ̀rọ wo ló lè bó rọ́bà kúrò lára wáyà láìfi iná sí i, tí owó rẹ̀ kò ní ju ohun tí ọmọ tó ń ṣa irin lè dá pọ̀ rà, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì lè gbé? Onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà lè bèèrè bóyá a lè kọ́ ẹ̀rọ láti wo àwòrán bọ́ọ̀dù kan, kó sì sọ bóyá ó ṣeé tún ṣe tàbí kò ṣeé tún ṣe kí kọ̀ǹténà tó kúrò ní èbúté Yúróòpù. Ohun tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ń bà mí lẹ́rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sólà ni gbogbo ènìyàn ń rà báyìí, bátìrì lithium sì kún Àlàbá dẹ́nu. Bátìrì wọ̀nyẹn á kú lọ́jọ́ kan. Níbo la máa kó wọn sí? Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ PhD lórí èyí lónìí, á parí rẹ̀ ní àkókò tí Nàìjíríà máa nílò ìdáhùn rẹ̀ gan-an.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ìbéèrè yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Omi ìdọ̀tí àwọn ilé-iṣẹ́ Àgbárá ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Ologe, níbi tí àwọn apẹja wa ti ń rí ẹja. Àwọn olùwádìí láti Ọ̀jọ́ ti kọ iṣẹ́ púpọ̀ lórí irin olóró inú ọ̀sà yẹn, ó sì ku ẹni tí yóò sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara àwọn tó ń jẹ ẹja náà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Nínú kìlómítà 27 tó yẹ kó fi dé Òkòkòmáíkò, 13 péré ló tíì rìn. Àbàtà ló pọ̀ nínú ilẹ̀ tó kù níwájú rẹ̀. Bí òpó afárá ṣe ń rì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó odidi iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ẹ sì rántí ibùdókọ̀ tí à ń pè ní Volks. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Volkswagen ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ní 1975. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ wá, a kàn ń tò wọ́n pọ̀ ni. Ìwádìí tí ì bá kọ́ wa láti ṣe ẹ̀yà wọ̀nyẹn fúnra wa kò gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí ọrọ̀ ajé sì dẹnu kọlẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń fẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa rò pé Silicon Valley nìkan ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń wá. Dókítà Túndé Adégbọlá dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí Alt-I sílẹ̀ ní Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè gbọ́ èdè Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè ka Yorùbá síta pẹ̀lú ohùn tó tọ́. Ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé wọn, David Adelani, lọ gba PhD ní yunifásítì Saarland ní Jámánì lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè lóye àwọn èdè tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yorùbá sì wà láàárín wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Masakhane gbé iṣẹ́ MasakhaNER jáde ní 2021 lórí èdè Áfíríkà mẹ́wàá. Lónìí, olùkọ́ ni ní yunifásítì McGill ní Kánádà. Èdè ilé rẹ̀ wà nínú ohun tó gbé e débẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ti Ègùn? Láti Ọ̀jọ́ títí dé Àgbádárìgì, títí wọ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni èdè yẹn jẹ́ èdè ilé wọn. Ìyá arúgbó tó wá sí ilé ìwòsàn ní Ìba lè má gbọ́ ju Ègùn lọ, kí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìgbò. Ẹ̀rọ tí yóò gbọ́ ohun tí ìyá náà ń sọ nípa ibi tó ń dùn ún, tí yóò sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ìṣègùn ló pàdé nínú rẹ̀ yẹn. Ọmọ tó gbọ́ Ègùn láti kékeré, tó tún mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ lédè, ipò tó wà ju ti ọmọ Stanford lọ lórí iṣẹ́ yìí.

Bí ìbéèrè bá ti wà, ibo la máa gbé e lọ? Èmi á kọ́kọ́ ní kí ènìyàn wo ilé. Ìjọba Lateef Jákàńdè ló dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) sílẹ̀ ní 1983. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà wà ní Ọ̀jọ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Ẹ̀pẹ́, ti ìṣègùn wà ní Ìkẹjà. Ní Ọ̀jọ́ níbí náà ni ibùdó ACEITSE wà, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí Báńkì Àgbáyé fi owó ràn lọ́wọ́ lábẹ́ ètò ACE Impact, lórí bí a ṣe ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé sì wá síbẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n ń lò níbẹ̀ máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wo ohun tó jọ ẹ̀kọ́ náà nínú àṣà àti àyíká tirẹ̀. Tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìba gba Ìgàndó lọ sí Ọ̀tà, á bá ibùdó CApIC ní yunifásítì Covenant, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ka àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ẹ̀fọn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn NIMR wà ní Yábàá. Ní Ìbàdàn, ẹ̀ka Pan African University tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá sílẹ̀ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmọ̀ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Kenya. Àjọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìrànwọ́ owó.

Ẹni tó bá ń sọ pé PhD ilé kò níyì, kí ó rántí oṣù Kejì 2020. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn ni a mọ ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibùdó ACEGID ní yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló ṣáájú wọn, Ìbàdàn ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Síbẹ̀, ilé ní ìṣòro tirẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka òjé inú ẹ̀jẹ̀ nílò iná tí kì í ṣẹ́jú àti gáàsì tó mọ́ tónítóní. Yàrá ìwádìí kan tí mo mọ̀ ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọdún tí mo débẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó nítorí pé ẹ̀yà kan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò sí nílé. Ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá. Àwọn alábòójútó ń japa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe PhD nílé ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń ra kẹ́míkà, òun náà ló ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lówùúrọ̀ kó lè jẹun. Àwọn obìnrin tó wà nínú wọn tún ń tọ́mọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ti àwọn tó bá ní ọkàn rẹ̀ sí ètò tó pín sí méjì. Ètò Commonwealth Scholarship, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, ní irú èyí: akẹ́kọ̀ọ́ á forúkọ sílẹ̀ fún PhD ní yunifásítì ilé, á sì lọ lo nǹkan bí ọdún kan nínú yàrá ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ wà. Ìbéèrè jẹ́ ti Àlàbá, ẹ̀jẹ̀ àti eruku jẹ́ ti Àlàbá, ẹ̀rọ jẹ́ ti wọn, oyè sì wálé.

Tí ènìyàn bá fẹ́ lọ pátápátá, kó mọ̀ pé àwọn ìlú òkèèrè kò rí bákan náà. Ní Norway, Sweden àti Netherlands, iṣẹ́ oṣù ni PhD jẹ́. Wọ́n á kéde ipò, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ wádìí síbẹ̀, ènìyàn á sì kọ̀wé bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti Yúróòpù náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì ní òfin kan tó gbè wá: ẹni tó bá ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin yẹn kò dí ẹni tó wà ní Òkòkòmáíkò lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń gba ènìyàn wọlé. Ọ̀pọ̀ wọn nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì máa ń san owó ilé-ìwé àti owó ìgbọ́bùkátà fún ẹni tí yóò kọ́ni tàbí ṣiṣẹ́ nínú láàbù. Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ń tì. Ẹni tí kò bá ní dọ́là ìforúkọsílẹ̀ lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ATAS kó tó béèrè físà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Láti oṣù Kíní 2024, àwọn tó ń ṣe másítà lásán níbẹ̀ kò lè mú ìdílé dání mọ́. Ẹni tó ń ṣe PhD ṣì lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ rẹ̀ lọ.

Àjọ PTDF, tí òfin rẹ̀ ti wà láti 1973, ń fi owó epo rọ̀bì rán onímọ̀ ẹ̀rọ lọ sí ẹ̀kọ́ nílé àti lókè òkun. Owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ gíga, wà fún àwọn tó ti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba. Gbogbo èyí ló ń yí padà. Ní oṣù Keje 2025, Amẹ́ríkà dín físà tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kù sí ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹni tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló fi gbogbo ìrètí sí, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò dá a jókòó. Ẹni tó ní ìbéèrè tó dára á gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àjẹ́ǹtì. Wọ́n wà ní Òkòkòmáíkò, wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí kò ní, wọ́n ń ṣèlérí PhD tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tán. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n gidi tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ àjẹ́ǹtì. Ìwé tí ìwọ fúnra rẹ kọ, lẹ́yìn tí o ti ka iṣẹ́ rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta dójú àmì, ni yóò dá lóhùn. Àwọn jọ́nà tó ń gba owó lónìí, tó ń tẹ iṣẹ́ jáde lọ́la láìjẹ́ pé onímọ̀ kankan kà á, ìpalára ni wọ́n ń ṣe fún orúkọ ènìyàn. Iṣẹ́ kan tó dúró ṣinṣin sàn ju mẹ́wàá irú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo mú lọ́kùn-únkúndùn ju gbogbo èyí lọ. Tí a bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ọmọ wa, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń wádìí, gẹ́gẹ́ bí ìlànà orílẹ̀-èdè ti 2007 ṣe là á sílẹ̀. A gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún òbí lédè tó gbọ́. Àwọn ènìyàn kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano ní 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà; ọdún 2009 ni ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ tó fẹnu kò lórí owó gbà-má-bínú. Kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí àdéhùn wà ní kíkọ pé ti wa ni, pé orúkọ olùwádìí láti Ọ̀jọ́ yóò wà níwájú iṣẹ́ náà, pé èsì á sì padà dé etí àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyẹn. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àdúgbò wa tí kò sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa tó mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Kò yẹ kí ọmọ wa kankan bá wọn lọ́wọ́ sí irú rẹ̀.

Ayọ̀délé Awójọbí gba PhD rẹ̀ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, ó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ó ṣe ọkọ̀ Autonov 1 tó ń lo gbogbo jíà rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Òṣòdì ni. Mi ò sọ pé kí gbogbo ènìyàn padà wálé bí tirẹ̀. Àwọn kan á dúró sí òkèèrè, wọ́n á sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tó kù. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni pé kí iṣẹ́ náà má gbàgbé ibi tó ti wá.

Mo sì ń bẹ ẹ̀yin oníṣòwò Àlàbá, ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ yín ń dá owó ààbò àti owó ọ̀nà jọ: ẹ dá owó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo, fún ọdún mẹ́ta, kí ó wá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín àti bí a ṣe lè dáàbò bò wọ́n. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí, mú bébà kan lálẹ́ òní. Kọ ohun kan tí o rí láàárín ilé rẹ àti ọ̀nà LASU tí kò yé ọ, tí kò sì tíì yé ẹnikẹ́ni tí o bi. Gbé e wá bá olùkọ́ rẹ lọ́la.